Ìdí òpó ahéré ìkẹ́rùsí àti ikán
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà. Ahéré olówó pọ́ọ́kú ni mo fẹ́ kàn sẹ́yìnkùlé n'Íbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, fún ọkọ́, bárò àti àpò sìmẹ́ǹtì. Páànù ni òrùlé àti ara rẹ̀, pákó inṣi 2 sí 3 ni egungun rẹ̀. Ikán ló wà nílẹ̀ ibẹ̀ bámúbámú.

Ìrókò ì bá dára, owó rẹ̀ ló ga jù. Kí n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú kun igi nítorí ikán ńkọ́? Òjò á fọ̀ ọ́ dànù, á sì ba ilẹ̀ jẹ́. Òpó tí a bá sì rì mọ́ kọnkéré, omi á dá sí i nídìí, á jẹrà. Mo wá ń ro búlọ́ọ̀kù inṣi 6, ìlà méjì, pẹ̀lú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó nípọn lórí rẹ̀, kí igi tó jókòó. Kí irin 12mm sì dè é mọ́lẹ̀ nítorí ìjì.

Ṣé ìlà búlọ́ọ̀kù yìí tó, àbí kí n kúkú da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣé o.