Ìbéèrè mi lórí kọ́ọ̀dù jáàsì ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì o. Mo bèèrè bí mo ṣe lè máa fi gìtá gbe akọrin lẹ́sẹ̀ lórí kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó máa ń tẹ̀léra nínú jáàsì, Dm7, G7, Cmaj7 (kọ́ọ̀dù ni àwọn ohùn tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), tí ọwọ́ mi ò ní máa fò káàkiri ọrùn gìtá.

Ẹni tó ní kí n yọ ohùn karùn-ún kúrò nínú kọ́ọ̀dù (láti orí ohùn ìpìlẹ̀, èyí tí kọ́ọ̀dù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, la ti ń kà á), kí n di ẹ̀kẹta àti ìkeje mú, òun ló tú u fún mi. Ẹ wo okùn kẹrin àti ìkẹta: F àti C ni ti Dm7. Bó bá kan G7, F ò mira, C nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ sí B, fret kan péré (fret ni àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá). Tó bá di Cmaj7, B dúró, F bọ́ sí E. Ó dùn létí gan-an! Bí oní-báàsì bá wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ fi ohùn ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fún.

Ní ti bí mo ṣe ń tẹ̀lé ìlù, nínú ìkà mẹ́rin, mo ń ta á ní ìkíní, mo tún ta á láàárín ìkejì sí ìkẹta, mo wá dákẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Freddie Green, onígìtá tó wọ ẹgbẹ́ jáàsì Count Basie ní 1937, máa ń ta nígbà ayé rẹ̀, ó sì dáa, àmọ́ èyí fún akọrin láyè jù.

Ti orin minor (irú èyí tó sábà máa ń dún bí orin ìbànújẹ́) ló kù. Màá bèèrè ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ ṣé gan-an ni.