Owó orí kọ́ ni capitation: ọ̀rọ̀ mélòó kan tó lè da òfin adójútòfò ìlera rú

Lẹ́tà kìíní

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ rántí ohun tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ń ṣe ìwé pélébé lédè Yorùbá lórí òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022. Òfin yìí ló gba ipò ti ọdún 1999. Òun ló ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, ó sì fi àwọn ètò tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀ sínú ìlànà. Àbúrò mú ọ̀rọ̀ márùn-ún wá: èsúsú ìlera fún health insurance, owó orí fún capitation, ẹbí fún family, ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún dípò vulnerable, àti kànńpá dípò mandatory. Ó ní ká yẹ̀ wọ́n wò kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ó ṣeun tó béèrè. Mẹ́rin nínú wọn ni mi ò gbà. Kànńpá, mo fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ owó orí bẹ̀rẹ̀, torí òun ló léwu jù. Bí capitation ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó bá wọ ètò náà á yan ilé ìwòsàn kan tí yóò máa kọ́kọ́ lọ. Orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé ilé ìwòsàn yẹn. Láti ìgbà náà lọ, iye kan tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni yóò máa wọlé fún ilé ìwòsàn náà lóṣooṣù nítorí orúkọ yẹn, ẹni náà ṣàìsàn o, kò ṣàìsàn o. Bó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù kan, owó ò ní pọ̀ sí i. Bí kò yọjú fún ọdún kan gbáko, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á padà. Àìsàn tó bá ju agbára ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n fi èèyàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń san tirẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì ti kọ́kọ́ gba nọ́ńbà àṣẹ, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé ètò náà ti fọwọ́ sí ìtọ́jú yẹn.

Wàyí o, kí ni owó orí lédè wa? Owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú ni. Orí ni wọ́n fi ń kà á láyé òyìnbó amúnisìn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tó ń wọlé féèyàn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ lónìí, owó orí là ń pè é síbẹ̀. Òun ló wà nídìí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní ìwọ̀-oòrùn ní 1968 sí 1969. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ka ìwé pélébé pé ilé ìwòsàn yóò máa gba owó orí òun lóṣooṣù. Á ní wọ́n ti sọ nọ́ọ̀sì di agbowó-orí nìyẹn. Kò sì ní forúkọ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé orí wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gan-an láti inú èdè Látìnì. Àbúrò ò ṣì í tú. Ẹlòmíràn ló ti jókòó sórí àga náà ṣáájú. Àbá tèmi ni owó orúkọ. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni ilé ìwòsàn ń gbowó lé lórí; bí orúkọ bá ṣí lọ sílé ìwòsàn mìíràn, owó á ṣí tẹ̀ lé e. Ó tún ń ṣàlàyé ohun tó sábà ń dá wàhálà sílẹ̀. Aláìsàn á dé, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé oṣù yìí, pé kó san láti inú àpò ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé orúkọ ló ń fa owó ò ní dúró bá akọ̀wé jà. Á pe ọ́fíìsì ètò náà, á bèèrè pé ìwé ilé ìwòsàn wo lorúkọ òun wà.

Èsúsú ìlera dùn létí, mo gbà. Àmọ́ nínú èsúsú, bó pẹ́ bó yá, yóò kan oníkálukú láti kó owó. Alájọ pàápàá, tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, á dá ìyókù padà fún ẹni tó ni ín. Nínú ètò ìlera, ẹni tó dáwó fún ọdún kan tí orí fífọ́ ò sì ṣe é, kò ní nǹkan kan láti gbà padà. Owó rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn gbẹ̀bí. Bí a bá pè é ní èsúsú, wọ́n á wá bèèrè owó wọn lóṣù Ọ̀pẹ. Àjọ ìlera ò sì sàn jù ú, torí pé àjọ kan náà la ń pe iléeṣẹ́ ìjọba. Adójútòfò àti ìbánigbófò ní àbùkù tiwọn, torí pé wọ́n mú wa rò pé òfò ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kó owó léni lọ́wọ́, bíi ti mọ́tò tó forí sọgi. Owó ètò ìlera kì í kan ọwọ́ aláìsàn rárá. Ṣùgbọ́n etí ti gbọ́ adójútòfò, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ti lo contributory, bíi ti Oǹdó, ìdáwójọ ìlera ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ àmì rẹ̀, torí owó tó bá di ọwọ́ níbẹ̀ ti ń lọ sí ìdáwọ́dúró.

Ẹbí ńkọ́? Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, èèyàn mẹ́fà ni family: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tó bí fúnra rẹ̀ tí wọn ò tíì pé ọdún 18. Ìyá ọkọ ò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a ń tọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹbí ta ló wá kéré tó yẹn nílẹ̀ Yorùbá? Ọ̀rọ̀ ìdílé pàápàá ò bá a mu. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan tí Gẹ̀ẹ́sì fi bò mọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ tiwa kì í yí padà bó bá di púpọ̀, torí náà "ìyàwó rẹ̀" lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ìyàwó kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ, kí olórogún má baà gbé ìwé dání wá jà. Èmi á pè é ní ìwé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Iye náà ṣe pàtàkì fún ìṣirò. Nígbà tí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 lọ́dún ni ẹnì kan ń san, ẹlẹ́ni mẹ́fà sì jẹ́ ₦40,000. Mẹ́fà lọ́nà ₦8,500 jẹ́ ₦51,000, ẹni mẹ́fà jèrè ₦11,000. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó bímọ méjì péré, ₦34,000 ni wọn ì bá san lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí "ẹbí" lára ìwé tí wọ́n sì ra ti ₦40,000, ọ̀rọ̀ kan ti jẹ ₦6,000 mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún ńkọ́? Òfin 2022 dárúkọ wọn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, àgbàlagbà, àwọn akàndá ẹ̀dá ní ti ara àti ti ọpọlọ, àti aláìní. Ẹ lọ sọ fún aboyún kan pé ó kù díẹ̀ káàtó fún un, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èsì. Aláìní nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé òfin dá àpò owó kan sílẹ̀ nítorí tiwọn. Ẹni àdáfún ni mo dábàá: ẹni tí a dáwó fún.


Lẹ́tà kejì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo bá yín dé ìdajì ọ̀nà.

Owó orúkọ ò ní rìn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní owó káàdì, tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kí wọ́n tó ṣí fáìlì fún un. Bí ẹ bá kọ owó orúkọ, owó káàdì ni wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì mú un jáde láti san án. Ìṣòro tẹ́ ẹ rí lára owó orí náà ló tún padà wá: ọ̀rọ̀ náà ò sọ ibi tí owó kọjú sí. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú owó àkàsórúkọ. Ẹlòmíràn ló ń kà á sí orúkọ rẹ. Ìwọ kọ́ lò ń san án. Mo fi í sínú gbólóhùn: "Ìjọba ìpínlẹ̀ ti san owó àkàsórúkọ yín fún ilé ìwòsàn, ẹ má san owó mìíràn kẹ́ ẹ tó rí dókítà." Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò dà bí owó kankan tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì.

Ẹni àdáfún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Ifá rí yóò máa retí "Ọ̀rúnmìlà" lẹ́yìn "a dá fún". Babaláwo yóò rẹ́rìn-ín, pásítọ̀ yóò bínú. Ẹ kọ ọ́ gbangba: àwọn tí ètò ń sanwó fún, kẹ́ ẹ sì to orúkọ àwọn márààrún tẹ̀ lé e. Ẹ rántí pé òfin náà ní wọ́n lè máa sọ irú ẹni tó jẹ́ aláìní láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà, ẹ má fi òṣùwọ̀n kankan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn bíi pé ó ti fìdí múlẹ̀.

Lórí kànńpá, èmi ò gbà á. Kànńpá ń sọ ẹni tó fipá mú ni. Dandan ń sọ ohun tó di ẹrù ẹni. Ohun tí abala 14 òfin 2022 wí ni pé ó di ẹrù gbogbo olùgbé. Ẹ sì má pe ti Èkó ní òfin tuntun. Òfin ètò ìlera Èkó ti wà láti 2015. Ohun tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu buwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2024 láti sọ adójútòfò di dandan, àṣẹ gómìnà ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń ṣòfin, gómìnà ló ń pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ gómìnà mìíràn lè dé kó yí àṣẹ padà láìjẹ́ pé àbádòfin kankan dé ilé ìgbìmọ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé náà, ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á: ìdá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 11, dá àpò ìtọ́jú alábọ́ọ́dé sílẹ̀, ó sì pín in báyìí nínú ọgọ́rùn-ún: 50 fún ìtọ́jú tó pọn dandan nípasẹ̀ adójútòfò, 20 fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Àbúrò kọ "ìdá ogún" fún oògùn, ó kọ "ìdá márùn-ún" fún pàjáwìrì. Ìdá ogún ni kí a pín nǹkan sí ọ̀nà ogún kí a mú ọ̀kan, èyí tí í ṣe 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá márùn-ún sì jẹ́ 20. Ó ti gbé owó oògùn fún pàjáwìrì, ó sì gbé ti pàjáwìrì fún oògùn, láìmọ̀. "Ìdá àádọ́ta" rẹ̀ wá di 2. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, bó bá ka "ìdá márùn-ún", yóò rò pé náírà kan nínú márùn-ún ti lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ ni 10, torí ìdá mẹ́wàá ni lóòótọ́. Níbi tí aláìsàn ti ń san 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn, ẹ lè kọ ìdámẹ́wàá, bí ẹ bá fara mọ́ ọn pé ará ṣọ́ọ̀ṣì á bèèrè bóyá bíṣọ́ọ̀bù ló ń gbà á.

Ẹ kọ "nínú ọgọ́rùn-ún" ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà.


Lẹ́tà kẹta

Mo túúbá lórí àdáfún. Mi ò tẹ́tí sí i kí n tó kọ ọ́. Owó àkàsórúkọ, mo gbà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa ètò náà ka gbólóhùn yín, ká wá bi wọ́n pé ta ló sanwó. Bí ẹnì kan bá ní "èmi", a ṣì ní iṣẹ́.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù. Abala 23 òfin 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún user ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo bó ṣe kàwé tó. Ibi mẹ́rin ni àbúrò ti kọ "aláìsàn". Aboyún tó wá wọn ikùn kì í ṣe aláìsàn, ọmọ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe aláìsàn, ẹ̀tọ́ sì kan àwọn méjèèjì. Ẹni tó wá gbàtọ́jú ni kó kọ. Àbúrò, tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, kó o fi ojú ewé tí ìdá wà ránṣẹ́ padà kí atẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀.