"Títún dísìkì pín" kọ́ ni, "sísún ààlà" ni

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Láti ọjọ́ mẹ́ta la ti ń wá orúkọ fún apá kọ̀ọ̀kan tí èèyàn máa ń la háàdì dísìkì sí, kí ètò ìṣiṣẹ́ méjì, bí Ubuntu àti Debian, lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Àwọn kan ní ká pè é ní ìpín, àwọn kan ní ojúlé, ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjerò sì mú awẹ́ wá. Màá sọ tèmi lórí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbogbo wa gbà láìjiyàn fún dídín apá kan kù tàbí fífẹ̀ ẹ́, ìyẹn "tún pín", òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ó ti ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kàwé l'Adó-Èkìtì pè mí. Ubuntu ló gba gbogbo dísìkì 500 GB tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó sì fẹ́ fi Debian sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Kò le. Fi fláàṣì tó ní GParted, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn apá dísìkì, tan kọ̀ǹpútà náà, kí o tún dísìkì náà pín." Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìyẹn ló sì fa wàhálà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe tún oko ìdílé wa pín lójú ọ̀nà Ìlawẹ̀. Ó mọ̀ pé tí àwọn àgbà bá ti ní "ẹ jẹ́ ká tún ilẹ̀ yìí pín", ìpín àtijọ́ ti parẹ́ nìyẹn: ti oníkálukú á padà sí àárín agbo, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló wá nínú GParted, ó sì rí i. Ó dá tábìlì tuntun sílẹ̀.

Tábìlì yìí ni àkọsílẹ̀ kékeré tó ń sọ ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì àti ibi tó parí sí. Bó ṣe di tuntun, Ubuntu ò ní ibùgbé mọ́. Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni, a ì bá ṣì rí nǹkan yọ, torí àwọn fáìlì náà ò tíì kúrò nílẹ̀, àkọsílẹ̀ ààlà wọn ló lọ. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀síwájú, ó fi Debian lé e lórí. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bá a lọ. Mi ò lè bá a wí. Ohun tí mo sọ ló ṣe.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó sún ààlà. Ẹni tó ń sún ààlà kì í tú oko ká. Ó kọ́kọ́ máa ń kó ohun tó wà lẹ́bàá ààlà wọnú, kó tó hú pèrègún kó sì lọ gbìn ín síbi tuntun. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí lórí dísìkì nìyẹn. Bí èèyàn bá fẹ́ dín apá kan kù, ètò fáìlì inú rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń to àwọn fáìlì síbẹ̀, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ súnkì, kí ààlà tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́, ààlà ló ń ṣíwájú. Ẹni tó bá fi ti ẹ̀yìn ṣíwájú nígbà tó ń dín in kù ti gé orí fáìlì ara rẹ̀. Ìdí tá a fi ń lo fláàṣì náà kò ju pé ext4, ètò fáìlì tí Ubuntu máa ń lò, lè fẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ kò ní súnkì àyàfi tó bá sinmi. "Sún ààlà" gbé gbogbo èyí dání. "Tún pín" ò gbé ìkankan.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin àgbà máa sọ: ẹni tó bá ń sún ààlà lóko, olè ni. Òótọ́ ni, ní Èkìtì wa yìí wọ́n ti gbé ara wọn dé kóòtù nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n olè máa ń wọ̀ ọ́ nítorí pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ló wà lódìkejì. Lórí dísìkì, ẹnì kan ló ni ọ̀tún, òun náà ló ni òsì.

Ní ti orúkọ, awẹ́ wù mí gan-an. Obì àbàtà olójú mẹ́rin bá MBR, irú tábìlì àtijọ́, mu wẹ́kú, torí apá mẹ́rin péré lòun náà gbà. Àmọ́ ta ló ti rí awẹ́ obì tí wọ́n mú fẹ̀ sí i? GPT, irú tábìlì tó wọ́pọ̀ báyìí, sì ń gba apá 128. Ìpín ní tirẹ̀ jẹ́ ohun téèyàn ń gbà lọ sílé, ó sì tún ní kádàrá nínú.

Ojúlé ni mo fara mọ́. Ó ní nọ́ńbà, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, síbẹ̀ inú agbo ilé kan ló wà (àwa á ní agbo ulé). Nínú àwọn orúkọ tí Linux ń fún àwọn apá dísìkì, sda1 á jẹ́ ojúlé kìíní, sda2 ojúlé kejì. Nínú MBR, a lè fi ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ojúlé oníyàrá, àwọn yàrá inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti sda5, kódà bí sda2 àti sda3 kò bá sí. GRUB, tó ń béèrè ètò ìṣiṣẹ́ téèyàn fẹ́ wọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, á jẹ́ oníbodè, mi ò rò pé ìyẹn lárìíyànjiyàn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi "tún pín" sílẹ̀ fún dídá tábìlì tuntun nìkan, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ máa bẹ̀rù. Èyí tó kù ni ààyè tí ààlà fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti sún. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pè é ní òfìfo, torí ojúlé tí kò sí fáìlì nínú rẹ̀ náà ṣófo. Mo ń pè é ní ilẹ̀ àìlójúlé títí dìgbà tí ẹnì kan á fi mú èyí tó dùn ún pè jù bẹ́ẹ̀ lọ wá.