"Ìkọ́ orin" kẹ̀? Ègbè wa ńkọ́?

Ará Ìlọrin:

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ará Ọ̀fà fi àbá kan ránṣẹ́ lánàá pé kí a máa pe húùkù inú orin ìgbàlódé ní "ìkọ́ orin". Ibi tó máa ń lẹ̀ mọ́ni létí ni wọ́n ń sọ, èyí tí èèyàn á máa kùn níbi tó ti ń fọ abọ́. Àlàyé wọn ni pé ègbè ò kárí i, torí húùkù lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré, ó sì lè jẹ́ ìlù lásán. Wọ́n ní kí a sì máa pe Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn akọrin ṣe, ní "atúnohùnṣe". Mo fara mọ́ ìyẹn. Ìkọ́ ni kò lọ lọ́fun mi.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́: ìsàlẹ̀, òkè. Ohun tí a ń fi aṣọ kọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp? Ẹ kọ ọ́ láìfàmì sí i, ẹnì kan á kà á sí ikọ́ tó ń ṣe aláìsàn, ẹlòmíràn á kà á sí ikọ̀, bíi ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ti ẹnu ló wá burú jù. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, "ìkọ́ orin" yín ti di "ìkọ́rin", kíkọ́ orin nìyẹn, iṣẹ́ ọmọ tó ń kọ́ wákà lẹ́yìn ilé kéú. Ohùn kan ṣoṣo ló sì yà á kúrò lára ìkọrin. Orúkọ tí ohùn kan lè sọ di iṣẹ́ mìíràn nínú agbo orin kan náà, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ sì wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú tiwọn wá. Ẹja ni wọ́n fi etí ṣe, wọ́n wá fi orin ṣe apẹja. Ó dáa. Lọ́dọ̀ àwọn apẹja wa, irin ẹnu okùn yẹn, ìwọ̀ là ń pè é, a kì í pè é ní ìkọ́. Nítorí náà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé títúmọ̀ lẹ fẹ́ túmọ̀, ògiri lẹ lọ, ẹ ò dé odò.

Nínú orin tiwa, ẹnu tó gbé e la fi ń pín in. Ẹnì kan lé e, àwọn yòókù gbè é. Ẹ gbọ́ dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, lẹ́nu Odòlayé Àrẹ̀mú: ó lè sọ̀rọ̀ títí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orin, àwọn elégbè ló ń dá a padà sójú ọ̀nà. Gbè, ohùn ìsàlẹ̀. Ó pàdé àbọ̀ rẹ̀, orin, ó di ohùn àárín: gberin. Òfin yẹn náà ló sọ lọ̀ di lọ nínú orúkọ Ìlọrin, lọ̀ àti irin. Ọ̀rọ̀ tó ti bá òfin èdè rìn tó bẹ́ẹ̀ la fẹ́ sọ nù nítorí ohun ìfiṣọkọ́?

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọ kẹ̀kẹ́ láti Tanke lọ sí Post Office nínú Ìlọrin níbí, kó wo ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn. Nígbà lílé, orí nìkan ni wọ́n ń mì. Tó bá di ègbè, gbogbo wọn á gbà á lẹ́nu redíò, títí kan ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Asake gan-an, olórin ìgbàlódé tí wọ́n ń gbọ́, ọ̀pọ̀ ohùn ló máa ń kó jọ sínú ègbè, bíi ti agbo fújì.

Ẹ tún ṣírò rẹ̀. Bí bíìtì orin bá jẹ́ 96 ní ìṣẹ́jú kan, tí báà kan, ìyẹn ìdá orin kan, jẹ́ bíìtì 4, ègbè báà 8 jẹ́ bíìtì 32, ìṣẹ́jú-àáyá 20 géérégé. Bó bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú orin ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ìṣẹ́jú kan gbáko ti lọ sọ́wọ́ ègbè. Èyí tí ará Ọ̀fà wá ń wá orúkọ fún, ó lè wà nínú báà 2 tó kẹ́yìn ègbè, ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ẹ pè é ní "ojú ègbè". Bó bá sì jẹ́ ìlù lásán ni, ìlù ló ń gbè nìyẹn.

Ní ti atúnohùnṣe, ó gún régé: tún ohùn ṣe, àfòmọ́ a- sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe é. Orúkọ yẹn kàn yin ẹ̀rọ náà ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni. Ohun tí ilé-iṣẹ́ Antares gbé jáde ní 1997 kò mọ̀ pé èdè olóhùn wà láyé. Ẹ fi Retune Speed rẹ̀, ibi tí a ti ń yan bó ṣe ń yára tún ohùn ṣe, sí 0, èyí tó yára jù, kí ẹ wá kọ "rárà" sí i. Lẹ́nu wa, sílébù kejì ń yọ̀ wálẹ̀ láti òkè ni. Ẹ̀rọ á gé yíyọ̀ yẹn kúrò, nóòtì kan, nóòtì kejì, kò ní sí nǹkan kan láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣì dá yàtọ̀, kó gbé e sí àárín 20 sí 50, kó sì kúrò lórí sìkéèlì (àkójọ nóòtì tí ẹ̀rọ gbà láàyè) oní-nóòtì 7 bọ́ sórí ti 12, torí ti 7 á máa wọ́ ohùn tó bọ́ sáàárín lọ bá èyí tó sún mọ́ ọn. Inú ègbè ló ti ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á to ohùn mẹ́ta mẹ́rin léra, ẹ̀rọ á kó gbogbo rẹ̀ sórí nóòtì kan náà, á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

Ará Ọ̀fà:

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbé mi ṣubú.

Ìpàrójẹ, pípa fáwẹ́lì kan jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé, tí ẹ fi ń dẹ́rù bà mí yẹn, láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù. Ìkọ́ orin tèmi, ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ló dúró tira wọn. Ta ló gbọ́ "ìkọ́ṣọ" rí fún ìkọ́ aṣọ? Ta ló ń pe ilé orin ní "ilórin", àfi àlejò tí kò mọ orúkọ ìlú yín pè? Ní ti àmì, bí a bá ní ká sá fún gbogbo ohun tí àìfàmìsí ń bà jẹ́, ká yáa sá fún ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́.

Ẹ wá dáhùn ti amapiano. Orin àwọn ará Gúúsù Áfíríkà yìí, log drum, ìlù inú kọ̀ǹpútà tí ohùn rẹ̀ wúwo, ló ń gbé e. Ìṣẹ́jú kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹ ní ìlù ló ń gbè. Ta ló lé e? Gbígbè kì í ṣáájú lílé. Ní ti "ojú ègbè", ẹ bi ọmọ Tanke kan wò, á ní èwo ni imú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gba wákà lọ́wọ́ Hausa, ẹ̀yin náà lẹ wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èdè.

Ará Ìlọrin:

A gba wákà bó ṣe wà, a ò túmọ̀ rẹ̀. Húùkù náà lè wọlé bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ àlejò tó sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kì í sì í ṣe tiwa.

Akọ́mọlédè kan, Ìgbómìnà:

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rọra. Kò sí èyí tó bi àgbà kankan nínú yín. Àgbà tó bá ń gbọ́ orin, bó bá kan ibi tó wọ̀ ọ́ lára, "ibẹ̀ yẹn!" ló máa pariwo. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ará Ìlọrin, òkúta ìlọrin yín, èyí tí ẹ ní wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín, n ò bá yín du ìtàn. Ṣùgbọ́n ata là ń lọ̀, ọ̀bẹ là ń pọ́n. Ẹ má fi orúkọ tí a ṣì ń jà lé lórí ṣe ẹ̀rí fún gberin. Gberin ò nílò ẹ̀rí.

Ará Ọ̀fà, òótọ́ lẹ sọ lórí ìpàrójẹ, mo gbà fún yín. Àmọ́ ẹni tó mọ ìkọ́ orin í ṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní sítúdíò, kí lẹ ó máa pè é? Akọrin ti wà nílẹ̀. Ṣé akọ́rin ni?