Alákatakítí kọ́, elégbè ni: orúkọ tí ó bá àwọn ultras mu

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí n kò dá sí i, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀kan nínú wa ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá fún rédíò, ó sì kan ọ̀rọ̀ náà ultras, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sẹ́yìn ojú ilé gólì, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń ju àsíá, tí wọ́n sì ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù títí dé òpin rẹ̀. Ó ní kí a bá òun wá orúkọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ní alákatakítí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn ní ẹlẹ́gùn bọ́ọ̀lù ló dùn jù lẹ́nu. Ẹnìkẹta ní kí a má da ara wa láàmú, jàǹdùkú ni wọ́n, kí a kúkú pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti kúrò lórí ọ̀rọ̀, tó di pé ṣé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ yẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àbí ẹ̀wù àyálò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì.

Lójú tèmi, ìbéèrè kan náà ni méjèèjì. Bí a bá rí orúkọ tó yẹ wọ́n, a ó rí ìdí tí ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan fi ń kọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ti jàǹdùkú sápá kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ jàǹdùkú bọ́ọ̀lù dáadáa kí orúkọ ultras tó dé ẹnu wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1985, ní pápá Heysel ní Brussels, àwọn kan lára èrò Liverpool kọ lu àwọn èrò Juventus, ògiri wó, ènìyàn 39 kú, wọ́n sì lé àwọn kíláàbù Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìdíje Yúróòpù fún ọdún márùn-ún. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń lu ìlù tàbí tó ń rán àsíá. A ti ní ọ̀rọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà sì tó. Òótọ́ ni pé àwọn ultras kan ní Ítálì àti níbòmíràn a máa jà, ìjà burúkú sì ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ mélòó ló ń mutí? A kò torí ìyẹn kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè pé ọ̀mùtí ni awakọ̀.

Alákatakítí le díẹ̀ láti bá jà, torí ìtàn ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Èdè Látìn ni ultra, “ní ìkọjá” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn 1815, nígbà tí ọba padà sórí oyè, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ọba ju bí ọba ti fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní ultra. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wọ inú pápá bọ́ọ̀lù ní Ítálì. Fossa dei Leoni ti Milan bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Ní 1969 ni àwọn ọ̀dọ́ Sampdoria ní ìlú Genoa fi ultras jẹ orúkọ ní gbangba. Ẹni tó bá ní àṣerégèé wà nínú orúkọ náà kò purọ́. Ó tún lè sọ fún mi pé ẹgbẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jù ní ọ̀nà yìí, ti kíláàbù Crystal Palace ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, Holmesdale Fanatics ni wọ́n pe ara wọn. Alákatakítí gan-an nìyẹn! Mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ènìyàn fi ń dá ara rẹ̀ lápàárá kọ́ ni a fi ń ka ìròyìn rẹ̀. Ní orí rédíò wa, alákatakítí ni ẹni tó ń fi ẹ̀sìn pa ènìyàn. Bí ìyá àgbà kan bá gbọ́ ní aago méje àárọ̀ pé ẹgbẹ̀rún méjì alákatakítí kó ara wọn jọ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, fóònù ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n kí yín fún ẹlẹ́gùn. Ẹ ò mọ bí ẹ ti sún mọ́ ilé tó. Àwọn ará Ítálì ń pe olólùfẹ́ kíláàbù ní tifoso, inú tifo ló sì ti wá, orúkọ àìsàn kan tó ń mú ara gbóná tí orí fi ń dàrú. Ibà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. (Ẹ jọ̀wọ́, ibà tó ń gbọ̀n ni o, kì í ṣe ìbà tí a ń jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Naples tí wọ́n ya àwòrán Maradona sára ògiri lè máà rí ìyàtọ̀ nínú méjèèjì.) Àwa náà a máa wí pé bọ́ọ̀lù ń gun lágbájá. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti olólùfẹ́ kan ṣoṣo tó ń fa irun orí rẹ̀ ya, ẹlẹ́gùn dára.

Ibi tí ó ti kùnà ni pé ẹni tí òrìṣà ń gùn kò mọ ohun tó ń ṣe, àwọn wọ̀nyí sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ wo ọ̀gá wọn, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní capo. Orí àtẹ̀gùn kékeré ló máa ń dúró sí, gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá. Wọ́n lè jẹ góòlù mẹ́ta kó máà rí ọ̀kan. Ẹnu àwọn ènìyàn ló ń wò, kó lè mọ ìhà tí ohùn ti ń rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti fi alẹ́ púpọ̀ rán aṣọ, àwọn kan ti ka àga lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fi bébà aláwọ̀ sórí ìkọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí gbogbo ènìyàn bá gbé tiwọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán ńlá ló máa yọ. Ẹlẹ́gùn kì í ka àga.

Ohun tí mo rí ní tèmi ni orin: ẹnìkan ń dá, àwọn yòókù ń gbè. Gbogbo wa la mọ elégbè láti agbo eré, láti ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìdí ìlù. Ọ̀rọ̀ kan ló sì gbé nǹkan méjì pọ̀ níbẹ̀. Ègbè ni ohùn tí ń dáhùn orin. Ègbè náà ni kí ènìyàn gbè sẹ́yìn ẹnìkan láìwo ẹ̀tọ́. Adájọ́ tó bá ṣègbè, ilé ẹjọ́ gíga á dá ìdájọ́ rẹ̀ nù. Rẹfirí tó bá ṣègbè, ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ nípa ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ síbẹ̀ kó lè ṣègbè gan-an, tó sì ń fi ègbè orin ṣe é, kí ni a tún fẹ́ pè é ju elégbè lọ? Nítorí náà, àbá mi: ẹgbẹ́ elégbè ni ultras, adárin ni capo, àwòrán orí àga yẹn, àrà ni, wọ́n sì dárà. Kò sí èyí tí mo hun nínú wọn. Inú ilé ni mo ti mú gbogbo wọn.

Bí a bá gba ọ̀rọ̀ yìí, ìjà kejì á yé wa. Láti ayébáyé ni Gẹ̀ẹ́sì ti ní ègbè. Adárin ni wọn kò ní, wọn kò sì fẹ́.

Ẹ wo Kop, ibi ìdúró àwọn èrò Liverpool lẹ́yìn ojú ilé gólì. Orúkọ òkè kan ní Gúúsù Áfíríkà ni, Spion Kop, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun láti agbègbè wọn ti kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900. Ní 1906 ni wọ́n fi sọ ibi ìdúró náà. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ọ̀fun bá ń yún lè dá orin. Bí ó bá dùn, gbogbo òkè á gbè é. Bí kò bá dùn, ẹ̀rín ni wọn á fi sin ín. Orin náà a sì máa dá bọ́ọ̀lù lóhùn: aṣọ́lé fi bọ́ọ̀lù bọ́, kó tó dìde wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kọrin èébú. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn nìyẹn, àpárá tí ẹnìkan kò fi ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bí sínú irú èyí, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá gbé gbohùngbohùn dúró níwájú rẹ̀ pé kó kọrin, á dà bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń sunkún níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀.

Wọ́n tún kórìíra ìlù. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ onífèrè àti onílù kan láti Sheffield bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn káàkiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wo bọ́ọ̀lù nílé sì fi wọ́n gégùn-ún. Níbí ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn díẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìlù a máa lu ohun kan náà bóyá wọ́n jẹ góòlù tàbí wọn kò jẹ ẹ́. Ìlù tiwọn nìyẹn, ìlù tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé dùndún wọ ibẹ̀ á bú aṣọ́lé náà kó tó kó ara rẹ̀ nílẹ̀, láìla ẹnu. Àwọn sọ́pọ́tà tiwa tó ń fun fèrè tẹ̀ lé Super Eagles náà kò tíì lo ìyẹn tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Àwọn tó ń sọ níbí pé “kò bá àṣà wọn mu” gbàgbé nǹkan kan: àṣà tí wọ́n ń sọ ti kú láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí gbogbo ènìyàn jókòó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, ní pápá Hillsborough ní Sheffield, èrò Liverpool há sẹ́yìn àgánrándì irin, iye àwọn tó kú nínú rẹ̀ wá di 97. Ìròyìn adájọ́ Taylor, tó wádìí ìjàǹbá náà, jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 1990, ó ní kí wọ́n to àga sí gbogbo pápá ńláńlá. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1994 ni wọ́n dúró lórí Kop kẹ́yìn. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó máa sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àga ṣe sí orin. Tẹ́lẹ̀, o san owó lẹ́nu ọ̀nà, o rìn lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Báyìí nọ́ńbà ni o ní. Owó tíkẹ́ẹ̀tì gun òkè, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè rà á, ká tó wá sọ pé kó rí mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ, àlejò kan ń ya fọ́tò. Ní òsì, bàbá kan tí kò tíì la ẹnu láti 1998. Dá orin níbẹ̀ kí n wò ó.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹgbẹ́ elégbè kì í ṣe ẹ̀wù àyálò. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń wá padà. Àríyànjiyàn tó le jù tí mo rí láàárín Holmesdale Fanatics àti kíláàbù wọn, ní 2018, kò jẹ mọ́ orin tàbí ìlù rárá. Àyè tí gbogbo wọn lè dúró sí pọ̀ ni, débi pé wọ́n yọwọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, ìjọba gba kíláàbù márùn-ún láyè láti dán ibi ìdúró onírin wò, Chelsea, Tottenham, Cardiff àti àwọn méjèèjì ti Manchester, kí wọ́n tó ṣí i fún àwọn yòókù. Ẹ sì wo Clapton ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kíláàbù kékeré tí òfin àga kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Clapton Ultras gbé gbogbo rẹ̀ wọlé níbẹ̀, ìlù, àsíá, àti ìṣèlú tó kọ ojú sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì gbilẹ̀. Nígbà tó di 2018, wọ́n dá kíláàbù tiwọn sílẹ̀.

Àwọn yòókù ń ṣa èyí tó wù wọ́n. Wor Flags ní Newcastle, tí àwọn èrò fúnra wọn ń dáwó fún, mú àrà, wọ́n fi adárin sílẹ̀. Forza Garibaldi ti Nottingham Forest, orúkọ rẹ̀ dún bíi ti Ítálì pátápátá, àmọ́ láti 1865 tí wọ́n ti dá kíláàbù náà sílẹ̀ ni wọ́n ti mú àwọ̀ pupa nítorí ẹ̀wù pupa àwọn ọmọ ogun Garibaldi, ọ̀gágun Ítálì. Ta ló wá yá ta ní ẹ̀wù? Iná èéfín aláwọ̀ nìkan ni n kò rò pé ó máa bá wọn gbé. Òfin kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ló sì ṣì ń rántí Bradford, ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1985, nígbà tí iná jó ibi ìjókòó onípákó tí ènìyàn 56 sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń lọ sí Selhurst Park, pápá Crystal Palace (kò jìnnà sí ilé wa), ti ka àbá mi, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun àti àwọn ọmọ Yorùbá bíi mélòó kan fẹ́ kọ ẸGBẸ́ ELÉGBÈ sára aṣọ tó gùn tó ogún mítà. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́: EGBE ELEGBE, láìsí àmì kankan, torí “kò sẹ́ni tó máa rí i láti òdìkejì.” Mo ní bí kò bá sí àmì, ẹnìkan lè kà á sí ègbé, ẹlòmíràn á ní egbé ni, oògùn tí wọ́n fi ń wọ pápá láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n sọ ibi tí òun máa fi àmì sí, nígbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju ènìyàn lọ, tí etí aṣọ sì ti kan òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ Yorùbá sára bánà rí, báwo ni ẹ ṣe máa ń ṣe é? Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ ra ọ̀dà.