Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: èwo ni kí n kọ́kọ́ tọ́jú nínú ilé lẹ́yìn ọyẹ́ yìí?

Ìyá Mújídà (Kubwa)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ilé mi ti sú mi, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n gbé e wá síwájú yín. Ọyẹ́ ọdún yìí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún wa. Eruku ti dí ojú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó bo abẹ fáànù, ó sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kó àwo àlejò sí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìlọrin wá bá wa ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó gidigidi sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, wọ́n gbé kọ́tìnnì pálọ̀ sókè, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò sì sọ ohunkóhun. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Agogo márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà ká mi mọ́ ojú ọ̀nà Central Area ní Abuja, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó padà dé. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ ilé lọ sí abúlé rẹ̀ nígbà ọdún Kérésì, kò sì padà wá mọ́. Omi ẹ̀rọ kì í wá déédéé ní àdúgbò wa, ọwọ́ mẹ́rúwà ni mo ti ń ra omi, owó rẹ̀ sì ń lé sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún bàbá àwọn ọmọ, wọ́n ní kí n ṣáà gbá ilẹ̀, kí n nu orí tábìlì, pé ìyẹn ti tó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Nínú kọ́tìnnì, rọ́ọ̀gì, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, fèrèsé, yàrá àlejò àti àwọn aṣọ tó kún inú àpótí, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Nyanya)

Ẹ kú ìnira, ma. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ kọ́tìnnì, kí ẹ nu fáànù, kí ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dé orí àga àti ilẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá fọ ilẹ̀ tán kí ẹ tó kan fáànù, iṣẹ́ yín ti di òfo. Èmi náà gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan ní ọdún tó kọjá pé kí wọ́n bá mi tún ilé ṣe. Wọ́n da omi sórí rọ́ọ̀gì mi, wọn kò sá a gbẹ, ó sì ń rùn títí mo fi jù ú nù. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é.

Bàbá Túndé (Lugbe)

N kò fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa kọ́tìnnì àti nẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ kò tíì tán. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń gbé eruku bọ̀, ó sì lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tún padà dé nínú oṣù Kẹta. Ẹni tí ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà kò gbọdọ̀ ná omi náà sórí ohun tí eruku yóò tún bò. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé àti ara ògiri ìta dúró di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, nínú oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé àti ojú àgbàrá ni kò ṣeé sún síwájú, nítorí pé bí pàǹtírí bá dí i, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé omi wọlé bá yín.

Ẹ kò sọ iye yàrá tí ilé yín ní, ẹ kò sì sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Kò sí bí a ṣe lè pín iṣẹ́ láìmọ ẹni tó lè ṣe é.

Àǹtí Bísí (Gwarinpa)

Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ọkọ yín ńkọ́? Ìyá wọn ni ó ń bọ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí ẹ gbá ilẹ̀ kí ẹ nu tábìlì. Kí wọn gbé àkàbà, kí wọn gun un, kí wọn nu fáànù. Ẹ̀yin obìnrin ni ẹ ń bá àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kẹ́ ìwà ọ̀lẹ, tí ẹ ó sì wá máa sunkún níbí.

Ìyá Mújídà (Kubwa)

Ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ. Kaduna ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń dé, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n á tún gbéra. Àwọn ni wọ́n ń san owó ilé ìwé àti owó ilé. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fojú kéré iṣẹ́ náà, kì í ṣe pé wọn kò ṣe ojúṣe wọn.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ọmọ ọdún méjìlá ni èyí àgbà. N kò fẹ́ fi iṣẹ́ ilé dà á láàmú, nítorí pé ó ń múra ìdánwò. Ní ti kọ́tìnnì, Bàbá Túndé, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ìyá ọkọ mi yóò wo ojú rẹ̀.

Ìyá Àgbà (Kaduna)

Ọmọ mi, ilé ìdáná ni kí o kọ́kọ́ ṣe, gbọ́ tèmi. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, tí igbó ti gbẹ tí wọ́n sì ń jó o, inú ilé ni eku ń sá wá. Eku ni ó ń gbé kòkòrò àrùn Lassa kiri, ìyẹn àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, ní ọdún 1969, àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì máa ń pọ̀ jù. Kó gbogbo gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sínú ike tó ní ìdérí tó le. Wo ẹ̀yìn gáàsì àti abẹ́ sínkì. Ibi tí o bá ti rí ìgbẹ́ eku, má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Wọ ìbọ̀wọ́, da omi bílíìsì tí o ti là sí i, jẹ́ kó rin dáadáa, kí o tó fi aṣọ nù ún. Aládùúgbò mi kan ní Tudun Wada da gààrí tí eku ti rìn lórí rẹ̀ nù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bá a jà pé ó ń fi oúnjẹ ṣòfò. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n náà pé gààrí ṣeé rà, ẹ̀mí kò ṣeé rà.

Ọmọ ọdún méjìlá tó ìrànlọ́wọ́. Ìdánwò kò ní kí ó má ká aṣọ.

Ìyá Ìbejì (Nyanya)

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Òkè ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kọ́tìnnì ni àkọ́kọ́. Bàbá Túndé, ẹ̀yin ọkùnrin kì í mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí lára obìnrin bí àlejò bá wọlé tí kọ́tìnnì dọ̀tí.

Bàbá Túndé (Lugbe)

Ìyá Ìbejì, èmi ni mo ń fọ kọ́tìnnì ilé mi láti ìgbà tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí náà mo mọ iye omi tí ó ń gbà àti bí ó ṣe máa ń wúwo bí ó bá ti rin. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ti pálọ̀ nítorí ìyá wọn, kí wọ́n fọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá máa dé gan-an, kì í ṣe nísinsìnyí.

Ìyá Mújídà (Kubwa)

Ẹ ṣé púpọ̀. Ìyá Àgbà, mo ti ra òtápíápíá lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, n ó fọ́n ọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti sí abẹ́ fóòmù àwọn ọmọ nítorí aáyán. Ó ní láti jẹ́ ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin kò bá sí nílé, nítorí pé òórùn rẹ̀ máa ń mú kí àyà rẹ̀ há. Láti oṣù Kejìlá ni ó ti ń wúkọ́ lóru, tí àyà rẹ̀ ń dún fée-fée, dókítà sì ti fún un ní ínhélà, ìyẹn oògùn tí a ń fi ẹnu fà sínú àyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ yàrá àlejò. Ṣé kí n kó àwọn àpótí aṣọ inú rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ, níbi tí mo tẹ́ rọ́ọ̀gì àtijọ́ sí, kí ìyá ọkọ mi lè ráyè?

Nọ́ọ̀sì (Jos)

Ìyá Mújídà, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ẹ ti ń gbà láti òkè títí dé ibí, ìmọ̀ràn fún ilé tí ara gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ le ni. Ilé tí ọmọ tó ní ikọ́ fée ń gbé ni tiyín. Yàrá tí ó ń sùn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe pálọ̀, kì í ṣe kọ́tìnnì.

Ẹ má ṣe gbé àpótí aṣọ kankan lọ síbẹ̀. Ẹ ká rọ́ọ̀gì àtijọ́ yẹn kúrò, nítorí pé eruku àti àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé inú rẹ̀, inú fóòmù àti inú ìrọ̀rí, ìgbẹ́ àwọn kòkòrò náà ni ó sì máa ń ru ikọ́ yìí sókè. Ẹ fọ aṣọ ibùsùn àti ìbòrí ìrọ̀rí rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ẹ bá ń ra omi, ẹ fi omi náà fọ èyí kí ẹ tó fọ kọ́tìnnì. Aṣọ tó rin díẹ̀ ni kí ẹ fi nu fáànù, ojú fèrèsé àti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá náà ní gbígbẹ, nítorí pé eruku tí ó bá gbéra sókè yóò wà nínú afẹ́fẹ́ títí ọmọ yóò fi dé láti ilé ìwé. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yọ àsẹ́ rẹ̀, kí ẹ fọ ọ́.

Ní ti òtápíápíá, ẹ má fọ́n ọn rárá, yálà ọmọ wà nílé tàbí kò sí nílé. Dichlorvos ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, májèlé tí NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019. Ẹ fẹ́ fọ́n ọn sí abẹ́ fóòmù tí ọmọ tí àyà rẹ̀ ń há yóò fi imú lé ní gbogbo òru. Oúnjẹ tí a bò, ilẹ̀ tí kò sí èérún lórí rẹ̀ àti ihò tí a dí ni ó ń lé aáyán lọ. Bákan náà, bí ẹ bá ń fọ ilé ìwẹ̀, ẹ má ṣe po bílíìsì mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró ni yóò tú jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Mo ní ìbéèrè kan: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ó ń lo ínhélà náà, àwọ̀ wo sì ni?

Ìyá Ìbejì (Nyanya)

Ẹ má bẹ̀rù jù, ma. Ọmọ mi kan ní irú rẹ̀, àgbo ni ìyá mi fún un, ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Bí ọmọ bá ń mí eruku díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ́ ọn lára.

Nọ́ọ̀sì (Jos)

Ìyá Ìbejì, inú mi dùn pé ara ọmọ yín yá, ṣùgbọ́n mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àsìkò ọyẹ́ nígbà tí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Eruku kì í mọ́ irú wọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba abiyamọ mìíràn ní irú ìmọ̀ràn yìí.

Ìyá Mújídà (Kubwa)

Aláwọ̀ búlúù ni. Ó ń lò ó ní ọ̀pọ̀ alẹ́. N kò mẹ́nu bà á tẹ́lẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ni mo mú wá, ọ̀rọ̀ ọsibítù sì ni mo ka ìyẹn sí. Ẹ má rò pé n kì í tọ́jú ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń gbá yàrá yẹn.

Nọ́ọ̀sì (Jos)

Ẹnikẹ́ni kò rò bẹ́ẹ̀, ma. Aláwọ̀ búlúù ń dá ikọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í dènà rẹ̀. Ọmọ tó bá ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí lóru, gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó nílò ínhélà kejì tí a ń fà lójoojúmọ́ láti fi dènà rẹ̀. Ẹ mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó tó di pé ẹ kan fóòmù rárá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sì ń tún yàrá náà ṣe, kí ó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò títí eruku yóò fi balẹ̀.

Àǹtí Bísí (Gwarinpa)

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ẹ pe ọkọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn gẹ́lẹ́. Ohun kan tún kù: ṣé ìyá ọkọ yín máa ń sun tùràrí? Èéfín rẹ̀ kò dára fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èéfín oògùn ẹ̀fọn tí a ń tanná ràn náà kò dára.

Ìyá Mújídà (Kubwa)

Wọ́n máa ń sun ún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. N kò mọ bí n ó ṣe sọ fún wọn.

Ìyá Àgbà (Kaduna)

Kì í ṣe ìwọ ni yóò sọ ọ́, ọmọ mi. Ọmọ wọn ni kí ó sọ ọ́ láti orí fóònù kí wọ́n tó kúrò ní Ìlọrin, kí ó ní dókítà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan kò ní fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun má lè mí.

Ìyá Mújídà (Kubwa)

Mo ti bá bàbá wọn sọ̀rọ̀. Wọn yóò pe ìyá wọn lọ́la, wọ́n sì ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú ọmọ lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ Ẹtì. Sátidé ni a ó ká rọ́ọ̀gì, Mújídà yóò bá mi kó aṣọ ibùsùn jáde. Àpótí yóò dúró sí yàrá àlejò, n ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Sọ́ńdè ni ti ilé ìdáná. N ó fọ kọ́tìnnì pálọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá máa dé, n kò lè fi ìyẹn sílẹ̀. Nítorí kòkòrò inú fóòmù tí nọ́ọ̀sì sọ, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ìbòfóòmù onísíìpù, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi.

Bàbá Túndé (Lugbe)

Ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ibùsùn ní ọjà Wuse. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra aṣọ tó hun pọ̀ dáadáa, kí ẹ gbé e fún télọ̀ pé kí ó fi síìpù sí i. Ẹ wọn gígùn fóòmù, ìbú rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ra méjì, kí ọ̀kan lè wà lórí fóòmù nígbà tí ẹ bá sá èkejì.