"Gbajúmọ̀" ti tó fún Ọlájùwọ́n, kò yẹ ká ṣẹ̀dá òmíràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan gbé wá láti pápá básíkẹ́tì Yunifásítì Ìbàdàn ni mo fẹ́ dá sí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ń jiyàn lórí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1963, tó gba ife NBA, ìdíje básíkẹ́tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, fún ẹgbẹ́ Houston Rockets lọ́dún 1994 àti 1995. Apá kan ní onírẹ̀lẹ̀ ni. Apá kejì ní kò sí ìrẹ̀lẹ̀ níbẹ̀, pé ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń gba ààwẹ̀ ti sọ ẹ̀sìn di ṣekárími. Ẹ̀gbọ́n wá bi wá pé kí ni Yorùbá lè fi pe ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun tí kò sì gbéra ga. Láti ìgbà náà ni àbá ti ń rọ́ wọlé: "olókìkí-arẹra-sílẹ̀", "ìràwọ̀-onírẹ̀lẹ̀", "agbayì-má-gbéraga". N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ti ìràwọ̀ kò le. Ìràwọ̀ ẹni lọ́dọ̀ tiwa jẹ mọ́ kádàrá, kò jẹ mọ́ iṣẹ́ tí èèyàn fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. "Agbayì-má-gbéraga" náà dùn létí bí orúkọ inú àlọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é tán kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ?

Èyí tí mo fẹ́ bá jà ni "arẹra-sílẹ̀", nítorí òun ni àwọn tó pọ̀ jù nínú wa fara mọ́. Ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ti kúrò ní ipò tirẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Ọba lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó bá tálákà jẹun. Àgbà lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó bẹ ọmọdé. Níbo wá ni Ọlájùwọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí pápá? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, nígbà tí Rockets àti San Antonio Spurs jọ ń du ẹni tí yóò gbégbá orókè ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ lọ́dún náà fún David Robinson ti Spurs kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀, nílé Spurs níbẹ̀, lójú Ọlájùwọ́n. Lọ́dún tó ṣáájú, Ọlájùwọ́n fúnra rẹ̀ ló gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún. Alẹ́ ọjọ́ náà ló fi póìǹtì 41 dá wọn lóhùn, Rockets sì borí. Nígbà tí wọ́n fi parí eré mẹ́fà tí wọ́n jọ gbá, póìǹtì 35.3 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Robinson náà kì í ṣe ọ̀lẹ o, onígbàgbọ́ tó ń jẹ́rìí Kírísítì ní gbangba sì ni. Mùsùlùmí kan àti Kìrìsìtẹ́nì kan ni wọ́n, kò sì sí èyí tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì. Kò tilẹ̀ yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára rẹ̀ kù lórí pápá kí wọ́n lè pè é ní onírẹ̀lẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ló rẹ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ṣekárími, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Orúkọ yẹn tú ara rẹ̀: ẹni tó ṣe nǹkan kí a lè rí òun. Bí kò bá sí ojú tó ń wò ó, kò ní ṣe é. Àwọn àáfà wa ń pè é ní ríyà, wọ́n sì ń kìlọ̀ rẹ̀ gan-an nínú wáàsí. Báwo ni ààwẹ̀ Ọlájùwọ́n ṣe wá jẹ́ bẹ́ẹ̀? Láti oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje NBA títí wọ oṣù kẹfà ọdún kejì. Oṣù Ràmàdáánì sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí òṣùpá la fi ń kà á. Ní àwọn ọdún tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, àárín ìdíje gan-an ni ààwẹ̀ ń bọ́ sí. Lọ́dún 1995, oṣù kejì ló bọ́ sí. Ọkùnrin yìí jẹ sààrì, kò fi omi kan ẹnu títí oòrùn fi wọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀sán ni eré bọ́ sí. Síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lóṣù kejì yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e síwájú èrò. Kò sí ibi tí yóò fi ààwẹ̀ náà pamọ́ sí nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń mu omi, tí òun kò mu.

Alábàárù tó ń gba ààwẹ̀ ní ọjà Bódìjà ń gbé ẹrù lójú gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó pè é ní ṣekárími. Ohun tó hàn yàtọ̀ sí ohun tí a fi hàn. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n di ìyàtọ̀ yìí mú, nítorí ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò yẹ ká máa jù ú lu ẹni tó kàn ń ṣe ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹnì kan tún béèrè níbí pé ṣé ẹni tó ń jẹ́ Ọlájùwọ́n tún lè ní òun kò gbéra ga, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ní ọlá òun ju ti àwọn yòókù lọ. Mo rò pé ìbéèrè yìí ṣi orúkọ Yorùbá lóye. Ọlá inú orúkọ, ti ìdílé ni. Àwọn tó bí i ló ń fi dúpẹ́, wọ́n sì ń fi í gbàdúrà. Ọmọ jòjòló tí wọ́n fún lórúkọ kò sọ pé òun ju ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orúkọ rẹ̀ kejì, Hakeem. Akeem ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà tó wà ní Yunifásítì Houston àti lẹ́yìn tó di ti Rockets lọ́dún 1984. Lọ́dún 1991 ló ní kí wọ́n dá H náà padà, kó lè bá Lárúbáwá mu. Àwọn kan ní Ìbàdàn níbí ní fáàrí ni. Al-Hakeem wà lára àwọn orúkọ tí Mùsùlùmí fi ń pe Ọlọ́run, Ọlọ́gbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní kí a pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe yẹ, ibo ni fáàrí wà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá kò sọnù. "Gbajúmọ̀" ni. Lónìí, rédíò àti ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di ti òṣèré àti olórin nìkan, ẹni tí igba ojú mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà, gbajúmọ̀ ni ẹni tó mọ èèyàn í kí, tó mọ bí a ti ń bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀, tí kì í pariwo, tí kì í já èèyàn kulẹ̀. Ẹni tí wọn kò mọ̀ kọjá àdúgbò Ọjàaba lè jẹ́ gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá hùwà àìmọ̀kan níbi ìnáwó, wọn a ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìwà gbajúmọ̀." Èdè wa ti so mímọ̀ tí ayé mọ èèyàn pọ̀ mọ́ ìwà rere nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwa la tú wọn.

Ẹ wo ìlú tí a wà. Ìbàdàn kò fi ìgbà kan ní kí akọni fi akin rẹ̀ pamọ́. Onírárà ló ń ki Balógun Ìbíkúnlé, kì í ṣe òun ló ń ki ara rẹ̀. Iṣẹ́ akọni ni kó ṣe é, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni kó sọ ọ́. Ọlájùwọ́n gbá bọ́ọ̀lù 3,830 dànù mọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ nínú NBA dòní. Ẹ jẹ́ kí àwa máa sọ ọ́. Nígbà tí bàtà eléré ìdárayá di ohun tí òbí tálákà kò lè rà, òun fi orúkọ rẹ̀ sára bàtà Spalding tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí dọ́là 35, nítorí ó ń ro ti àwọn ìyá tí ọmọ ń yọ lẹ́nu pé kí wọ́n ra olówó gọbọi. Ìwà gbajúmọ̀ nìyẹn, òkìkí rẹ̀ ló sì fún un ní agbára láti ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní a ti ń gbọ́ "gbajúmọ̀ olè" lórí rédíò. Òótọ́ ni. Olókìkí ni kí wọ́n máa pè é, nítorí òkìkí ń kàn fún rere, ó ń kàn fún búburú. Ẹ jẹ́ kí òkìkí máa jẹ́ ti ariwo, kí gbajúmọ̀ sì padà sídìí ìwà. Àwa tí à ń kọ̀wé, tí à ń túmọ̀ èdè, tí àwọn kan nínú wa ń ka ìròyìn, a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi àwọn àgbà ilé yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òkè Ààrẹ, Bẹẹrẹ àti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú: nígbà tí wọ́n wà léwe, ta ni wọ́n ń pè ní gbajúmọ̀, kí ló sì lè mú kí wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹni? Gbólóhùn tí wọ́n bá sọ gan-an ni kí ẹ kọ wá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́.